Ìpàtẹ iṣẹ́ lọ́yà ku ọ̀sẹ̀ méjì: kí ni kí n ṣe tí mi ò fi ní tún kó bírò nìkan wálé?

Akẹ́kọ̀ọ́_Òfin

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ọdún kejì ni mo wà nínú ẹ̀kọ́ òfin. Ọ̀sẹ̀ méjì sí òní ni yunifásítì wa máa ṣe ìpàtẹ iṣẹ́ fún àwa tó fẹ́ ṣe lọ́yà. Ilé iṣẹ́ bí ogójì ló máa wá, wákàtí mẹ́ta péré la sì ní.

Mo lọ léṣìí. Mo rìn yí gbọ̀ngàn ká bí ẹni tó sọnù sọ́jà, mo gba bírò mọ́kànlá, àpò aṣọ mẹ́ta, àti ìwé ìpolówó tó kún méjì nínú àpò náà. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló jáde lẹ́nu mi: "Kí ni ilé iṣẹ́ yín ń ṣe?" Ọkùnrin tí mo bi rẹ́rìn-ín músẹ́, ó yíjú wo àkọlé gàdàgbà tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ó wá tún yíjú wò mí. Gbogbo ohun tí mo ń béèrè ló wà lára àkọlé yẹn. Ojú tì mí títí mo fi délé. Di òní olónìí, mi ò tíì ṣí ọ̀kan nínú àwọn ìwé yẹn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti lọ rí, àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti jókòó lẹ́yìn tábìlì rí, báwo ni kí n ṣe é lọ́tẹ̀ yìí? Kí ni mo lè bi wọ́n tí wọn ò ní máa wò mí bí ẹni tí kò ronú? Ṣé kí n mú CV dání?

Ọmọṣẹ́_Lọ́yà

Àbúrò, fọkàn balẹ̀. Ìbéèrè yẹn ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń bi wá. Èmi náà dúró lẹ́yìn tábìlì lọ́dún tó kọjá, torí àwa ọmọṣẹ́ tuntun ni wọ́n sábà máa ń rán lọ. Jẹ́ kí n sọ bó ṣe ń rí lọ́dọ̀ tiwa.

Nígbà tó fi máa di aago kan ọ̀sán, ẹsẹ̀ ti ń ro wá. Ọ̀rọ̀ kan náà la ti ń tún sọ láti àárọ̀: iye ọ́fíìsì tá a ní, iye ọmọṣẹ́ tá à ń gbà lọ́dún, ọjọ́ tí fọ́ọ̀mù máa pa dé. Gbogbo ẹ̀ ló wà lórí ìkànnì wa. Ẹni tó bá bi wá ní irú ẹ̀, a ó dá a lóhùn tẹ̀ríntẹ̀rín, àmọ́ kó tó dé tábìlì kejì a ti gbàgbé ojú ẹ̀.

Ọmọbìnrin kan wá lọ́jọ́ yẹn tí mi ò lè gbàgbé. Ó wo káàdì orúkọ tó wà láyà mi, ó ní, "Ẹ̀ka ilé àti ilẹ̀ lẹ wà. Kí lẹ ṣe láàárọ̀ Mọ́ńdè tó kọjá?" Mo kọ́kọ́ dákẹ́ ná. Mo wá sọ fún un pé àdéhùn ilé yíyá mẹ́rìnlá ni mo kà láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, tí mo ń wá ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé ayálégbé lè kó jáde kí ọdún ẹ̀ tó pé. Mo ní nígbà tí mo dé ìkẹsàn-án, oorun ti ń kùn mí, mo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ fo èyí tí wọ́n kọ ọjọ́ méjì tó ta kora sínú ẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ta ló wá ń yẹ iṣẹ́ yín wò kó tó jáde?" Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti wọ̀ wá lára. Bí ìṣẹ́jú méje la fi sọ̀rọ̀, èmi ni mo sì ń bá a sọ ọ́, kì í ṣe ìwé ìpolówó.

Nítorí náà, bi èèyàn ní ohun tí èèyàn mọ̀. Ohun tó wà lórí ìkànnì, ilé ni kó o ti lọ kà á.

Ẹnu_Ò_Gbófo

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún ọmọ yìí. Ìpolówó ọjà ni gbogbo ẹ̀. Mo lọ lẹ́ẹ̀mejì, kò sẹ́ni tó kọ orúkọ mi sílẹ̀. Fọ́ọ̀mù orí íntánẹ́ẹ̀tì kan náà ni ẹni tó lọ àti ẹni tó sùn sílé máa kọ.

Ọmọṣẹ́_Lọ́yà

@Ẹnu_Ò_Gbófo, mi ò bá ẹ jiyàn, ẹnikẹ́ni ò ní fún un níṣẹ́ lórí ìdúró. Àmọ́ nínú fọ́ọ̀mù tó ò ń sọ yẹn, ìbéèrè kan wà tí kì í yẹ̀: kí ló dé tó o fi yan àwa? Ẹni tó sùn sílé máa lọ da ohun tó wà lórí ìkànnì wọn kọ padà fún wọn. Ẹni tó lọ lè kọ irú èyí:

"Ọmọṣẹ́ yín kan tí mo bá pàdé níbi ìpàtẹ sọ fún mi pé ọ̀sẹ̀ kẹta tóun dé lòun ti ń bá oníbàárà sọ̀rọ̀ fúnra òun lórí fóònù. Irú ibi bẹ́ẹ̀ ni mò ń wá, torí ní ibùdó ìmọ̀ràn òfin tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́, ìgbà tí mo bá jókòó ti ẹni tó ni ọ̀rọ̀ ni iṣẹ́ náà máa ń dùn mọ́ mi jù."

Èmi ti wà nínú àwọn tó ń ka fọ́ọ̀mù rí. Béèyàn bá ti ka àádọ́ta tó jọra, tó wá bọ́ sórí irú eléyìí, ńṣe ló máa gbé orí sókè. Ìyẹn lò ń lọ wá níbi ìpàtẹ.

Àgbà_Agbẹjọ́rò

Ọmọ mi, ó kéré tán o ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ léṣìí. Ọ̀pọ̀ ò mọ̀.

Ogójì ti pọ̀ jù. Nínú wákàtí mẹ́ta, bó o bá yọ ti ìlà àti ti ariwo kúrò, tábìlì mẹ́fà lo lè dé dáadáa. Mú mẹ́ta tó wù ẹ́ gan-an, mú méjì tí ọkàn rẹ ò tíì dá lé lórí, kó o wá mú ọ̀kan tó ò rò kàn rárá. Ọ̀kan tó gbẹ̀yìn yìí ni mo fẹ́ kó o fọkàn sí. Nígbà tí mo wà ní ọjọ́ orí rẹ, gbogbo wa rọ́ lọ sídìí àwọn ilé iṣẹ́ ńlá tó ń bá báǹkì ṣiṣẹ́. Tábìlì kan wà níkangun tí kò sẹ́nì kankan níbẹ̀, torí wọn ò ní ohunkóhun tí wọ́n ń pín. Obìnrin kan ló dá jókòó síbẹ̀. Ẹsẹ̀ ló ń ro mí tí mo fi lọ jókòó tì í, kì í ṣe ọgbọ́n. Ẹjọ́ àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n lé lẹ́nu iṣẹ́ láìtọ́ ló ń bójú tó. Bí ogún ìṣẹ́jú ló fi sọ̀rọ̀ ọkùnrin kan fún mi, ẹni tí wọ́n ní kó má wá mọ́ nítorí pé ó béèrè owó àṣekún. Iṣẹ́ yẹn ni mò ń ṣe títí dòní.

Lọ́yà pọ̀ níbi tí kì í ṣe ilé iṣẹ́ lọ́yà: inú iṣẹ́ ìjọba, àwọn tó ń pe ọ̀daràn lẹ́jọ́, ẹ̀ka òfin ní báǹkì àti ilé iṣẹ́ adójútòfò, ẹgbẹ́ tó ń ran mẹ̀kúnnù lọ́wọ́. Wo ìwé tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí yín bóyá irú wọn wà níbẹ̀. Ìlà wọn kì í gùn.

Fún mẹ́fà tó o bá mú, fi nǹkan bí ìdajì wákàtí sórí ọ̀kọ̀ọ̀kan nílé. Má wulẹ̀ ka ojú-ewé tí wọ́n ti ń yin ara wọn. Wá iṣẹ́ kan tí wọ́n ṣe láìpẹ́ yìí, bó bá ṣeé ṣe kó o wá ìdájọ́ ilé ẹjọ́ tí orúkọ wọn wà nínú rẹ̀, kó o ka ojú-ewé méjì àkọ́kọ́. Mọ ohun tí wọn kì í ṣe pẹ̀lú. Ọmọkùnrin kan wá bá wa níjọ́ kan, ó ní ọ̀rọ̀ ìkọ̀sílẹ̀ láàárín tọkọtaya ló wu òun jù láyé òun, ìdí nìyí tóun fi fẹ́ràn ilé iṣẹ́ wa. Àwa ò gba ẹjọ́ tọkọtaya rí láti ìgbà tí wọ́n ti dá wa sílẹ̀.

Má kọ́kọ́ lọ sídìí èyí tó wù ẹ́ jù o. Ẹnu rẹ ò tíì yọ̀ nígbà yẹn. Lọ síbi tí kò ká ẹ lára tó bẹ́ẹ̀ ná, kí ohùn rẹ balẹ̀, kó o tó lọ kojú èyí tó ṣe pàtàkì.

Onítìjú

Ẹ jọ̀ọ́, èmi náà máa lọ sí irú ẹ̀ lóṣù tó ń bọ̀. Ìṣòro tèmi ò tiẹ̀ tíì dé ọ̀rọ̀ ìbéèrè. Báwo lèèyàn ṣe ń wọnú ọ̀rọ̀? Màá rí èèyàn mẹ́rin tó yí tábìlì ká, wọ́n ń sọ̀rọ̀, màá dúró lẹ́yìn wọn bí òpó, lẹ́yìn náà màá kọjá lọ.

Ọmọṣẹ́_Lọ́yà

@Onítìjú, má kọjá lọ. Bó o bá ti dúró tì wọ́n, tó o sì ń wo ojú ẹni tó ń sọ̀rọ̀, àwa tó wà lẹ́yìn tábìlì máa rí ẹ, a ó sì fà ẹ́ wọ̀ ọ́. Iṣẹ́ wa nìyẹn. Fetí sílẹ̀ ná. Ohun tí ẹlòmíì bá béèrè ni kó o fi wọlé: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ lẹ́ẹ̀kan pé ẹ̀yin lẹ yan ẹ̀ka tẹ́ ẹ wà. Bí èèyàn méjì bá fẹ́ ẹ̀ka kan náà ńkọ́?" Ìwọ náà ti wọlé nìyẹn.

Jíjáde ló máa ń le ju wíwọlé lọ. Àwọn kan á dúró títí ọ̀rọ̀ á fi tán lẹ́nu wa, gbogbo wa á wá máa wo ara wa. Bí ọ̀rọ̀ bá ṣì dùn ni kó o kúrò: "Ẹ ṣeun, mi ò fẹ́ dá àwọn tó wà lẹ́yìn mi dúró. Ṣé mo lè mẹ́nu ba ohun tẹ́ ẹ sọ yìí nínú fọ́ọ̀mù mi?" Ìbéèrè tó gbẹ̀yìn yẹn ṣe pàtàkì. Bí ẹni náà bá ní kó o má dárúkọ òun, kọ "ọmọṣẹ́ yín kan," ó tó.

Etí_Kan

Mo fẹ́ fi tèmi kún un, torí kò sẹ́ni tó sọ ọ́ fún mi nígbà tèmi. Etí kan ni mo fi ń gbọ́ràn dáadáa. Inú gbọ̀ngàn tí igba èèyàn ti ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, mi ò kì í gbọ́ nǹkan kan. Ìpàtẹ méjì ni mo fi ń mi orí sí ohun tí mi ò gbọ́. Ẹ̀ẹ̀kẹta, mo kọ̀wé sí àwọn tó ṣètò ẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, wọ́n jẹ́ kí n wọlé ní ogún ìṣẹ́jú kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn fún gbogbo ayé. Mo bá èèyàn mẹ́ta sọ̀rọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ẹni tó bá ń kólòlò, tí kò lè dúró pẹ́, tàbí tí èrò púpọ̀ máa ń dà láàmú, ẹ kọ̀wé sí wọn. Ẹ má dúró dìgbà tí wọ́n bá bi yín.

Oníwíìgì

Gbogbo ìmọ̀ràn yìí dáa, àmọ́ ó dá lórí ilé iṣẹ́ lọ́yà. Bó bá jẹ́ pé ìdúró níwájú adájọ́ ló wù ẹ́, ó tún ní bó ṣe rí. England ni mo wà. Ní Nàìjíríà, ẹni tó bá gboyè lọ́yà, barrister (ẹni tó ń rojọ́ níwájú adájọ́) àti solicitor (ẹni tó ń ṣiṣẹ́ òfin fún oníbàárà ní ilé iṣẹ́ lọ́yà) ló jẹ́ pa pọ̀. Níbí, ọ̀nà méjì ni. Ẹni tó fẹ́ ṣe barrister gbọ́dọ̀ wọ ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ barrister mẹ́rin tí wọ́n ń pè ní Inns of Court: Lincoln's Inn, Gray's Inn, Inner Temple àti Middle Temple. Lẹ́yìn ẹ̀kọ́, yóò fi oṣù méjìlá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ barrister tó ti dàgbà nínú iṣẹ́. Pupillage la ń pè é. Oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́, wíwò ni. Oṣù mẹ́fà ìkejì, ó lè máa gba ẹjọ́ tirẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ ni pé àwọn Inn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń fúnni ní ẹ̀bùn owó ẹ̀kọ́, oṣù Kọkànlá ni fọ́ọ̀mù náà sì máa ń pa dé, fún ẹ̀kọ́ tó máa bẹ̀rẹ̀ lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ìgbà ìpàtẹ gan-an nìyẹn. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó máa wá bá mi ní tábìlì máa bi mí nípa wíìgì, wọn ò ní béèrè owó yẹn, nígbà tí wọ́n bá fi máa gbọ́, ilẹ̀kùn ti sé. Bi ẹni tó wà lẹ́yìn tábìlì Inn pé, "Nínú ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò fún ẹ̀bùn owó yìí, kí lẹ máa ń ní ká ṣe?" Wọ́n máa sọ fún ẹ.

Bẹ́ ẹ bá rí barrister níbẹ̀, ẹ bi í bóyá ṣáńbà wọn, ìyẹn ọ́fíìsì tí àwọn barrister jọ ń lò, ń gba akẹ́kọ̀ọ́ láti wá tẹ̀ lé wọn lọ sílé ẹjọ́ fún ọjọ́ mélòó kan. Mini-pupillage ni wọ́n ń pè é. Kò sí bẹ́ ẹ ṣe máa mọ̀ bóyá ẹ fẹ́ iṣẹ́ yìí tí ẹ ò bá tíì jókòó sílé ẹjọ́ láti àárọ̀, tí wọ́n wá sún ẹjọ́ síwájú láìsọ nǹkan kan.

Kò_Ka_Òfin

Ẹ dákun, ìtàn ni mò ń kọ́ ní yunifásítì, England ni mo wà. Ṣé wọn ò ní lé mi jáde?

Ọmọṣẹ́_Lọ́yà

@Kò_Ka_Òfin, ta ló máa lé ẹ? Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ níbí ló ń gba ẹni tí kò kẹ́kọ̀ọ́ òfin. Láti 2021 ni ìdánwò fún ẹni tó fẹ́ di solicitor, tí wọ́n ń pè ní SQE, ti bẹ̀rẹ̀. Oyè èyíkéyìí tó o bá gbà, bóyá ìtàn bóyá ìmọ̀ ẹ̀rọ, o lè jókòó fún un. Abala méjì ló ní. Àkọ́kọ́ jẹ́ ìwé méjì, ìbéèrè ọgọ́sàn-án (180) ló wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìkejì jẹ́ iṣẹ́ mẹ́rìndínlógún, tí wọ́n ti máa ní kó o kọ lẹ́tà, kó o fọ̀rọ̀ wá oníbàárà lẹ́nu wò, kó o rojọ́. Yàtọ̀ sí ìyẹn, o gbọ́dọ̀ ti ṣiṣẹ́ òfin fún ọdún méjì, o sì lè pín in sí ibi tó tó mẹ́rin.

Ìbéèrè tó yẹ kẹ́ ẹ bi wọ́n ní tábìlì, tí wọn kì í kọ dáadáa sórí ìkànnì wọn, jáde látinú èyí. Ṣé ẹ̀yin lẹ máa san owó ìdánwò náà àbí èmi? Ṣé ẹ máa fún mi láyè láti kàwé àbí mo máa ṣiṣẹ́ lọ́sàn-án kí n kàwé lóru? Bí mo bá ti ṣiṣẹ́ oṣù mẹ́fà ní ibùdó ìmọ̀ràn òfin, ṣé ẹ máa kà á mọ́ ọdún méjì yẹn? Òfin gbà pé kí wọ́n kà á bí solicitor tó yẹ bá ti fọwọ́ sí i, àmọ́ ilé iṣẹ́ míì á ní kó o ṣe ọdún méjì tiwọn pé. Ọ̀rọ̀ tí wàá gbọ́ lẹ́nu nìyẹn.

Akẹ́kọ̀ọ́_Òfin, bó bá jẹ́ England lo wà, ọdún kejì yìí ni ti ẹ gan-an. Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá máa ń gba ọmọṣẹ́ ní ọdún méjì ṣáájú ìgbà tó máa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Fọ́ọ̀mù iṣẹ́ ìgbà ìsinmi wọn, ọ̀pọ̀ ń pa dé láàárín oṣù Kejìlá sí oṣù Kìíní. Bi wọ́n léèrè bóyá wọ́n ń ka fọ́ọ̀mù bó ṣe ń wọlé, àbí wọ́n máa dúró dìgbà tí gbogbo ẹ̀ bá pé. Bó bá jẹ́ bó ṣe ń wọlé, ẹni tó dúró dọjọ́ ìkẹyìn ti pẹ́, bí kò tiẹ̀ tíì pẹ́ lójú ìwé.

Akẹ́kọ̀ọ́_Òfin

England ni mo wà o. Ọlọ́run á san yín lóore. Ẹ ò tíì dáhùn ọ̀rọ̀ CV.

Ẹnu_Ò_Gbófo

Má gbé e lọ. Ilé iṣẹ́ kan dá tèmi padà fún mi lójú gbogbo èèyàn.

Àgbà_Agbẹjọ́rò

Mú méjì sínú àpò, kó o má fi lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ àyàfi tó bá béèrè. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ńlá kì í gbà á, fọ́ọ̀mù ni wọ́n ń lò. Ilé iṣẹ́ kékeré tó ní lọ́yà márùn-ún lè gbà á, wọ́n sì lè pè ẹ́. Ní Amẹ́ríkà, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Ìpàtẹ míì wà níbẹ̀ tí wọ́n ti ń fọ̀rọ̀ wáni lẹ́nu wò, irú èyí tí ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ Equal Justice Works ń ṣe fún àwọn tó fẹ́ ṣe lọ́yà fún mẹ̀kúnnù. Béèyàn ò bá ní CV níbẹ̀, kí ló wá ṣe?

Ohun tó dáa ju CV lọ ni ìwé kékeré tó lè wọ àpò. Bó o bá ti kúrò nídìí tábìlì kan, lọ sí igun, kó o kọ nǹkan mẹ́ta sílẹ̀: ta lo bá sọ̀rọ̀, kí ló sọ tí kò sí lórí ìkànnì, báwo ló ṣe kàn ẹ́. Má dé tábìlì kejì kó o tó kọ ọ́. Bó bá di mẹ́ta tó ò tíì kọ nǹkan kan, gbogbo wọn á ti dà pọ̀ mọ́ra wọn, wàá wá máa sọ ọ̀rọ̀ Táyé fún Kẹ́hìndé.

Ní ti aṣọ, kó ṣáà mọ́, kó má fún ẹ. Bàtà tó o lè fi dúró fún wákàtí mẹ́ta ni kó o wọ̀. Ẹ ò ní gbà mí gbọ́ títí ẹ fi máa dé wákàtí kejì.

Akọ̀wé_Ìgbanisíṣẹ́

Èmi kì í ṣe lọ́yà, iṣẹ́ mi ni láti gbani síṣẹ́ fún wọn, nítorí náà mo máa sọ ohun tí àwọn lọ́yà ò ní sọ. Oríṣi èèyàn méjì ló máa ń wà lẹ́yìn tábìlì. Irú tèmi mọ ọ̀nà fọ́ọ̀mù, gbèdéke, máàkì tá à ń béèrè, bá a ṣe ń ṣe fún ẹni tí àìsàn bá ìdánwò ẹ̀ jẹ́ tàbí tí kò sẹ́ni tó lọ yunifásítì rí nílé wọn. Lọ́yà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi mọ iṣẹ́ náà. Ẹ wo káàdì orúkọ kẹ́ ẹ tó lanu. Ẹ̀ẹ̀melòó ni mo ti gbọ́ tí ọmọ kan ń bi ọmọṣẹ́ ní ohun tó jẹ́ èmi nìkan ni mo mọ̀ ọ́n, tí ọmọṣẹ́ náà wá ń méfò!

Nínú ọmọṣẹ́ mẹ́wàá tó parí ọdún méjì ẹ̀, mélòó lẹ fi sẹ́nu iṣẹ́? Ẹ bi wá. Ara wa kì í gbà á, àmọ́ ẹ̀tọ́ yín ni. Owó oṣù ńkọ́? Ẹ lọ kà á lórí ìkànnì.

Bó bá jẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń ṣe ìpàtẹ náà, ẹ kọ orúkọ yín gangan sójú ẹ̀rọ. A rí ẹnì kan tó ń jẹ́ "Fóònù Màámi" lọ́dún kan. A pè é bẹ́ẹ̀ títí ó fi parí.

Akẹ́kọ̀ọ́_Òfin *(lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì)*

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, mo ti dé o. Bírò kan ṣoṣo ni mo mú wálé, torí tèmi ti dákẹ́ iṣẹ́ níbẹ̀.

Tábìlì márùn-ún ni mo dé. Ìlà ìkẹfà gùn débi pé mo jọ̀wọ́ ẹ̀. Ní tábìlì àkọ́kọ́, gbogbo ohun tí mo kọ́ sórí fò lọ. Mo kàn ní, "Ẹ kú ìnàró." Obìnrin náà bú sẹ́rìn-ín, ó ní kò sẹ́ni tó kí òun bẹ́ẹ̀ láti àárọ̀. Ọkàn mi wá balẹ̀. Kò bọ́gbọ́n mu, àmọ́ ó ṣiṣẹ́.

Ní tábìlì kẹta ni mo ti bi ọmọṣẹ́ kan ní ìbéèrè Mọ́ńdè yẹn. Ó ní ìwé ẹjọ́ lòun ń tò, ojú-ewé tó lé ní ẹgbẹ̀ta, ọ̀la ẹ̀ ni wọ́n ń lọ sílé ẹjọ́. Nígbà tí ilẹ̀ ti ṣú lòun rí i pé nọ́ńbà ojú-ewé kan wá lẹ́ẹ̀mejì, gbogbo èyí tó wà lẹ́yìn ẹ̀ ló sì ti ṣì. Ó tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo bi í bóyá ẹnì kan dúró tì í. Ó ní ọ̀gá òun jókòó sílẹ̀, àwọn méjèèjì jọ ń ka nọ́ńbà sókè. Ohun tí mo kọ sínú ìwé kékeré mi nìyẹn: "ọ̀gá jókòó sílẹ̀, wọ́n jọ kà á." Ó tún ní kí n lọ wá ìdájọ́ kan kà.

Ní tábìlì kẹrin, mo béèrè mélòó ni wọ́n fi sẹ́nu iṣẹ́. Akọ̀wé ìgbanisíṣẹ́ wọn wo ẹnì kejì ẹ̀, ó ní, "Ọdún yìí ò dáa tó ti tẹ́lẹ̀." Mo fẹ́ràn ẹ̀ pé kò purọ́ fún mi.

Tábìlì tí kò sẹ́ni níbẹ̀ ni mo fi parí ẹ̀, bí màámi Àgbà_Agbẹjọ́rò ṣe wí. Ibùdó ìmọ̀ràn òfin ni, fún àwọn tí ilé fẹ́ bọ́ mọ́ lọ́wọ́. Wọ́n ní kí n wá lálẹ́ Ọjọ́bọ̀.

Ẹ bá mi wo ímeèlì tí mo fẹ́ fi ránṣẹ́ sí ọmọṣẹ́ tábìlì kẹta:

"Mo dúpẹ́ púpọ̀ fún àǹfààní ńlá tí ẹ fún mi láti bá yín sọ̀rọ̀. Ilé iṣẹ́ yín gbajúmọ̀ gan-an, yóò sì jẹ́ ìdùnnú ńlá fún mi bí mo bá lè bá yín ṣiṣẹ́. CV mi rèé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá nǹkan ṣe sí i."

Àgbà_Agbẹjọ́rò

Rárá o. Ìwọ tó mú odidi ìtàn nọ́ńbà ojú-ewé wálé, èyí lo wá ń kọ? Yọ gbogbo ẹ̀. Kọ ọ́ báyìí:

"Ẹ ǹlẹ́ o. Èmi ni akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kejì tó bi yín nípa iṣẹ́ àárọ̀ Mọ́ńdè, tẹ́ ẹ wá sọ ti ìwé ẹjọ́ tí nọ́ńbà rẹ̀ ṣì. Mo dúpẹ́ pé ẹ sọ bó ṣe rí gan-an. Mo ti ka ìdájọ́ tẹ́ ẹ ní kí n wá. Mo máa kọ fọ́ọ̀mù yín kí oṣù Kejìlá tó wọlé."

Má fi CV sí i. Má bẹ̀bẹ̀. Ọmọṣẹ́ ni, kò lè gbà ẹ́ síṣẹ́, àmọ́ ó lè rántí ẹ. Kó o sì ti ka ìdájọ́ náà lóòótọ́ kó o tó kọ pé o ti kà á.

Akẹ́kọ̀ọ́_Òfin

Mo ti kà á dé ìdajì, mà. Màá parí ẹ̀ lálẹ́ yìí kí n tó fi ránṣẹ́.

Ọmọṣẹ́_Lọ́yà

Tún wo orúkọ ẹni náà àti ti ilé iṣẹ́ ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Léṣìí, ẹnì kan kọ̀wé dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, orúkọ ilé iṣẹ́ tó wà ní tábìlì kejì ló wà nínú ẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́_Òfin

Yéè! Mo ti fo lẹ́tà kan nínú orúkọ ẹ̀. Ẹ ṣeun.